Ẹni Tí Wọ́n Ní Ó Ń Sùn

Ẹ fún mi ní etí yín, kí ẹnu sinmi. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó jẹ ẹ́ tán kí á tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtàn yìí kò fẹ́ ariwo. N kò ní ka igi ojú ọ̀nà fún yín, n kò sì ní sọ iye odò tí ọkùnrin yìí là kọjá. Odò ni odò ń jẹ́. Ohun tó gbé e kúrò nílé àti ohun tó gbé padà wálé ni kí ẹ mú dání.

Ọdẹ́jìnmí ni orúkọ rẹ̀, ọdẹ Òkè-Àgbède ni. Abẹ́ igi ọdán iwájú ilé Olúọdẹ ló ti sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ ọdẹ, ní ọ̀sán gangan. Ó jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e fún un ṣọ́. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ogun kan wáyé láàrin Òkè-Àgbède àti àwọn ará ìsàlẹ̀ odò. Nínú ogun náà, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọdẹ wa ní ìgbèkùn, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ ilé kan tí wọ́n ń pè ní Ilé Àìbéèrè. Èèyàn kò gbọdọ̀ béèrè omi níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ béèrè oúnjẹ, kò sì gbọdọ̀ béèrè ibi tí wọ́n mú ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ajíbógun ni olùṣọ́ ilé náà. Ọdẹ́jìnmí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọdẹ́níran, tí wọ́n ti jọ ń dẹ̀gbẹ́ láti kékeré, ni wọ́n so mọ́ra lẹ́sẹ̀. Ọdẹ́jìnmí jáde láàyè. Ọdẹ́níran kò jáde.

Ní ọjọ́ tí ogun parí, Ajíbógun to àwọn tó kù jọ. Ó gbé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi dè wọ́n sókè, ó ní kí oníkálukú fi ahọ́n kàn án, kó sì búra pé: "Ohun tí mo rí, n kò rí i. Ẹni tó kù sínú ilé yìí, ó ń sùn ni." Wọ́n búra. Ọdẹ wo ló máa fi ahọ́n kan irin tí kò ní bẹ̀rù? Wọ́n já ẹ̀wọ̀n kúrò lára wọn, ṣùgbọ́n òrùka irin tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ òsì Ọdẹ́jìnmí kọ̀, kò ṣí. Kò sí alágbẹ̀dẹ Òkè-Àgbède tó gbójú gbóyà láti fọwọ́ kàn án. Ó gbé e wálé, ó gbé e dàgbà, ó gbé e darúgbó.

Ẹ̀yin ọdẹ mọ ohun tí à ń pè ní ìṣípà, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀. Bí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ á kó ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, àpò rẹ̀ àti àwọn ohun ìdẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sínú igbó, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò láàrin alààyè. Bí a kò bá ṣe é, kò ní ibùsọ̀: kò sí nílé, kò sì tíì dé ọ̀run. Ní Òkè-Àgbède, a kì í ṣípà ọdẹ tí a kò mọ ohun tó pa á. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde sọ pé ẹfọ̀n ni, tàbí ejò, tàbí ènìyàn. Kò sí ẹni tó dìde fún Ọdẹ́níran. Àwọn tó mọ̀ ti fi ahọ́n kan irin. Àwọn tí kò mọ̀ ń wí ohun tí Ajíbógun wí, pé ó ń sùn, yóò jí, yóò dé.

Nítorí náà Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́níran, ń se oúnjẹ ọkọ rẹ̀ ní ojoojúmọ́. Ó ń bù ú sínú àwo, ó ń gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó sùn lè jí, ebi sì lè máa pa á. Adìyẹ ló ń jẹ ẹ́. Ọdún ń gorí ọdún, irun rẹ̀ funfun, ó ṣì ń gbé àwo náà síta.

Ní ọjọ́ kan ó wọ́ tìlẹ̀tìlẹ̀ wá bá Ọdẹ́jìnmí.

"Ọkọ mi," ó ní, "mo ti darúgbó. N kò rí ìdí ìkòkò mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni mo wá bi ọ́, jọ̀wọ́ má fi òwe dá mi lóhùn. Ṣé kí n máa se oúnjẹ náà lọ ni, àbí kí n dáwọ́ dúró?"

Ọdẹ́jìnmí la ẹnu. 

"Ìyàwó wa," ó ní, "irin wà lẹ́nu mi."

"Kí o lọ tu ú dànù. Àbí kí ni o fi ń ṣe láti ọjọ́ yìí? Ṣé o ń fi í lá ọbẹ̀ ni?" Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. "Ìwọ gbọ́ mi. N kò ní pẹ́ lọ. Bí mo bá dé ọ̀run tí n kò bá a níbẹ̀ nítorí pé ẹ kò tíì yọ ọ́ láàrin yín, ta ni kí n lọ bá níbẹ̀? Ta ni yóò mọ̀ mí?"

Ó yí padà, ó ń lọ. Kò sunkún. Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn rẹ̀, ó di iṣu sísun sínú àpò, ó bọ́ sọ́nà ní ọ̀sán yẹn.

Bó bá dé ibí nínú ìtàn rẹ̀, á dúró, á wo ojú àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ. "Ẹ ti pa àgbọ̀nrín," á ní, "ẹ wá ń fọ́nnu. Èmi ti pa erin, ó sì ti sú mi láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ti dẹ ọ̀rọ̀ rí nínú yín? Ta ló ti tọ ipasẹ̀ gbólóhùn kan dé ibi tó sá sí, tó sì fà á wálé láàyè?" Á nu ẹnu. "Ó dáa," á ní, "ẹ gbé omi wá fún mi."

Igbó tó kọ́kọ́ dé ni Igbó Ohùn. Kò sí ẹyẹ níbẹ̀. Ohùn ènìyàn ló so rọ̀ lára igi bí àdán, ó dorí kodò, òmíràn ń kérora, òmíràn ń pe ìyá rẹ̀. Iwin kan ló ń ṣọ́ ọ, Elétíbíewé ni wọ́n ń pè é, nítorí etí bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti rẹ iwin náà gidigidi. Ó fi òwú di àwọn etí rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n òwú kò kárí.

"Òmíràn tún dé!" ó pariwo nígbà tó rí ọdẹ náà. "Ṣé ìwọ náà wá fi tìrẹ kọ́ ni? Ẹ ń pa ara yín lọ́hùn-ún, ẹ ń da ohùn yín jọ sọ́dọ̀ mi. Ṣé èmi ni àká yín ni?"

"N kò mú ohùn wá, bàbá. Mo wá mú ọ̀kan lọ."

Inú iwin náà dùn díẹ̀. "Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n n kì í kó ẹrù fún ẹni tí kò lóye. Ẹrù wo ni ẹni tó dì í kì í rù, tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n jà lólè ní í máa rù ú kiri?"

Ọdẹ́jìnmí kò ronú púpọ̀. Ó ti ń rù ú láti ìgbà èwe. "Ẹrù ìkà ni. Ẹni tó hù ú ti gbàgbé, ó ń hanrun. Ẹni tí wọ́n hù ú sí ni kò rí oorun sùn."

"O gbọ́n ju bí ojú rẹ ṣe rí lọ," ni iwin náà wí, ó sì mú un lọ sí ìdí igi kan. Ohùn kan wà níbẹ̀, ó gbẹ, ó sì kéré, ó ń wí léraléra pé: "Omi díẹ̀, fún bàbá yìí. Omi díẹ̀, fún bàbá yìí."

Ọdẹ́jìnmí dá a mọ̀. Ohùn Ọdẹ́níran ni.

Ó na ọwọ́ láti já a, ohùn náà kò já. Iwin náà mi gbogbo etí rẹ̀. "A kì í fi ọwọ́ já a. Sọ ẹni tó ni ín, kí o sì sọ ohun tó pa á, yóò jábọ́ fúnra rẹ̀."

Ọdẹ́jìnmí la ẹnu, irin tún dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tọrọ omi létí rẹ̀, kò sì lè dá a lóhùn.

"Ìbúra ni?" ni Elétíbíewé bi í. "Gbogbo yín náà ni. Lọ bá Ìyá Ẹwìrì lórí òkè, alágbẹ̀dẹ tó kọ́kọ́ fi iná kan irin. Sọ fún un pé ó ti rẹ̀ mí."

Òkè tí Ìyá Ẹwìrì ń gbé, irin tó ti dógùn-ún ló kóra jọ tó di òkè: ọkọ́ àwọn tó ti kú, ọ̀kọ̀ àwọn tó ti ṣubú, àgádágodo ilé tí kò sí mọ́. Apá kan ara obìnrin náà jẹ́ ẹran, apá kejì jẹ́ irin. Kò nílò ẹwìrì, èémí rẹ̀ ló fi ń fẹ́ná. Bó bá mí sínú, ewé á fà mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ òkè. Bó bá mí síta, òkúta á pọ́n.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ògún á gbè ọ́. Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o dúró lójú iná mi. Kí lo wá ṣe?"

Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn án, ó sì sọ pé òun ti búra, òun kò lè sọ ohun tí òun rí. Obìnrin náà fi ẹ̀mú gbá òrùka náà, ó dún.

"Ọdẹ, kí ni o fi ń jẹun?"

"Ìbọn mi, àti àdá mi."

"Kí ni àgbẹ̀ fi ń jẹun?"

"Ọkọ́."

"Onígbàjámọ̀ ńkọ́?"

"Abẹ."

"Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ búra, irin wo ló ń fi ahọ́n kàn?"

"Ọkọ́ rẹ̀ ni. Irin tó bá bọ́ ènìyàn ní í gbọ́ ìbúra rẹ̀. Ọmọdé pàápàá mọ ìyẹn."

"Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àwọn ọdẹ kò mọ̀ ọ́n. Irin wo ni wọ́n fi mú ìwọ búra?"

"Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀."

"Ta ni ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ń bọ́?"

 Ọdẹ́jìnmí jókòó sílẹ̀ lórí òkìtì irin náà.

"Ìrònú yín ti kúrú jù," ni Ìyá Ẹwìrì wí. "Ẹ ń bẹ̀rù irin débi pé ẹ kì í béèrè irin wo ni. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ han ọdẹ kó búra, á wólẹ̀. Ọkùnrin yẹn mọ̀ yín. Ó fi irin tó ń bọ́ òun dè yín lẹ́nu, ẹ sì gbé e rìn títí irun fi funfun. Ìbúra náà kò dè ọ́ rí, láti ọjọ́ tí o ti jẹ ẹ́. Ìbẹ̀rù rẹ ló dè ọ́."

Ọdẹ́jìnmí gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, inú rẹ̀ kò dùn. Ẹni tó bá mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí òun jókòó tì láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní àgádágodo, ẹ̀rín kọ́ ló máa rín. Ó kàn ní, "Ẹ bá mi gé e."

"Òòlù mi kì í gé irú èyí. Bí mo bá lù ú, ìwọ náà sọ. Ohun tí o sọ ni yóò gé e. Má ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ o, n kò ní ọjọ́ gbogbo."

Ọdẹ́jìnmí gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé owú. Ìyá Ẹwìrì mí, iná pọ́n. Ó lù ú, ìrora náà dé ọpọlọ.

"Wọ́n gbé ìkòkò omi sí iwájú wa, níbi tí ọwọ́ kò dé," Ọdẹ́jìnmí wí. "Ajíbógun máa ń bomi fi fọ ọwọ́ lójú wa."

Ó tún lù ú.

"Láràárọ̀, wọ́n ń pe orúkọ. Ẹni tó bá jẹ́, wọ́n á mú un jáde, a kì í rí i mọ́. A kọ́ láti má jẹ́ orúkọ tí ìyá wa sọ wá. Mo dé ilé tán, ìyá mi pè mí, n kò lè jẹ́."

Ó tún lù ú. Òrùka náà sán díẹ̀.

"Bàbá arúgbó kan wà nínú wa, ahọ́n rẹ̀ ti wú. Ọdẹ́níran ní òun yóò bá a béèrè omi. Mo dì í mú. Ó ní, 'Ọdẹ kì í jẹ́ kí òǹgbẹ pa àgbà lójú òun.' Ó béèrè. Ajíbógun wọlé pẹ̀lú ọmọ odó."

Ó lù ú.

"Ó kú kí oòrùn tó mú. Wọn kò tú u kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Mo sọ pé ó ti kú. Ajíbógun ní, 'Ó ń sùn ni. Má jí i.' Mo gbé pẹ̀lú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Láràárọ̀ ni Ajíbógun ń yọjú, á ní, 'Ọ̀rẹ́ rẹ kò tíì jí?' Á rẹ́rìn-ín."

Òrùka náà já sí méjì, ó ṣubú. Awọ abẹ́ rẹ̀ funfun bí inú iṣu.  Ìyá Ẹwìrì gbé irin náà fún un. "Mú un dání. O lè lọ sílé báyìí, ẹnu rẹ ti ṣí."

Ọdẹ́jìnmí mi orí. "Bí èmi nìkan bá sọ ọ́, wọ́n á ní ọdẹ ni, ọdẹ a máa parọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé à ń parọ́, ìyá. Ẹnu tó ní ó ń sùn ni kó wá sọ pé kò sùn."

"Á jẹ́ pé ìrìn rẹ kò tíì parí," ni obìnrin náà wí. "Ó wà ní Ìlú Agbálẹ̀."

Ní Ìlú Agbálẹ̀, oníkálukú so ọwọ̀ mọ́ ìdí bí ìrù. Bí wọ́n bá ti rìn díẹ̀, wọ́n á yí padà, wọ́n á gbá ipasẹ̀ ara wọn rẹ́. Ilẹ̀ wọn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ kò rí nǹkan ṣà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rí ọ̀nà ilé, nítorí wọ́n ti gbá a. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú sí ni wọ́n ń sùn.

Ọkùnrin kan dá a dúró lẹ́nu bodè. "Ta ni ọ́? Má sọ ibi tí o ti ń bọ̀ o. Ìyẹn ti kọjá."

"Ajíbógun ni mo ń wá."

"Ìjòyè wa? Èèyàn dáadáa! Kò sí ẹni tó rántí ohun burúkú kan nípa rẹ̀ ní ìlú yìí."

"Ṣé ẹ rántí ohun rere kan?"

Ọkùnrin náà dúró, ó ronú, ó họ orí. "Ó tì o," ó ní, ó sì gbá ibi tó dúró sí.

Ajíbógun jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ti tóbi, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, àwọn ọmọdé ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Ó rí Ọdẹ́jìnmí, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń kọ́ni ní ìgbàgbé, òun fúnra rẹ̀ kò gbàgbé ohunkóhun.

"Háà, ọdẹ! O ti gbó."

"Ìwọ náà."

"Wá jẹun. Àsáró ni, ó ṣì ń gbóná. Ogun ti tán."

Ebi ń pa Ọdẹ́jìnmí, iṣu àpò rẹ̀ ti tán láti òkè Ìyá Ẹwìrì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá báni jẹ iyọ̀ kò lè báni ṣẹjọ́. Ó gbé itọ́ mì. "Ó tán lọ́dọ̀ ẹni tó ń jẹun," ó ní. "Jẹ́ ká lọ bá ọba."

Ọba náà dá wọn lóhùn kí wọ́n tó dọ̀bálẹ̀ tán. "Àlejò, àná kò sí ní ìlú yìí. Bó bá jẹ́ àná lo gbé wá, gbé e padà."

"Kábíyèsí, n kò gbé àná wá. Ẹsẹ̀ mi ni mo gbé wá, ó sì wà níbí lónìí." Ó ká ṣòkòtò sókè. Àpá náà yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ará ìlú sún mọ́ ọn. Wọn kò rí àpá rí. Wọ́n máa ń bò ó.

"Ọ̀rẹ́ mi kú sí ọwọ́ ọkùnrin yìí," Ọdẹ́jìnmí wí. "Ó ní ó ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà mí gbọ́. Kó búra."

Ajíbógun rẹ́rìn-ín. "Ṣé kò ju ìyẹn lọ? Ẹ gbé ọkọ́ wá. Àgbẹ̀ ni mí."

Wọ́n sáré gbé ọkọ́ wá. Ọdẹ́jìnmí fi ọwọ́ kọ ọ́. Ó yọ irin tó já sí méjì láti inú àpò rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ níwájú ọba.

"Irin tó bọ́ ènìyàn ní í gbọ́ ìbúra rẹ̀. Kábíyèsí, èyí ló bọ́ Ajíbógun. Òun ló fi kọ́ ilé, tó sì fi ní ìyàwó. Òun náà ló fi mú wa búra. Kó fi ahọ́n kàn án, kó ní Ọdẹ́níran ń sùn, n ó sì padà sílé."

 Àwọn ará ìlú yẹn ti gbá ohun gbogbo dànù, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù irin kò bá ọwọ̀ lọ. Ajíbógun mú irin náà. Ó gbé e dé ètè.  Ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó nu ẹnu, ó tún gbé e sókè.

"Wọ́n rán mi ni," ó wí.

"N kò bi ọ́ ní ẹni tó rán ọ."

"Ogun ni! Ta ni kò pa ènìyàn nínú ogun?"

"Ogun kọ́ ló gbé ọmọ odó."

"Mo ní ọmọ nílé nígbà náà. Ká ní mo fún wọn lómi, èmi ni wọn ì bá dè."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," Ọdẹ́jìnmí wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin ààfin. "Kàn án."

Ajíbógun wo irin náà pẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n òun pẹ́ níbẹ̀ títí òógùn fi kán láti irùngbọ̀n rẹ̀. Níkẹyìn ó ju irin náà sílẹ̀.

"Kò sùn," ó wí. "Mo mọ̀ pé kò sùn. Èmi ni mo pa á."

Obìnrin kan láàrin èrò jẹ́ kí ọwọ̀ rẹ̀ bọ́. "Ọkọ tèmi náà wà ní Ilé Àìbéèrè," ó wí, bí ẹni tó jí lójú oorun. "Ìrántí rẹ̀ ni mo ti ń gbá rẹ́ láti ìgbà yìí." Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì wo ipasẹ̀ ara rẹ̀ lórí ilẹ̀. Kò gbá a. Ọwọ̀ mìíràn tún bọ́ nídìí ẹlòmíràn.

Ẹ̀rù ba ọba. "Kí lo fẹ́, àlejò? Ṣé orí rẹ̀ ni? Mú un kíákíá, kí á lè gbálẹ̀."

"Orí rẹ̀ kò wúlò fún mi. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́. Yóò tẹ̀lé mi dé Òkè-Àgbède."

"Wọ́n á pa mí níbẹ̀," Ajíbógun wí.

"Wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ rẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí ìyẹn gbà lọ́wọ́ rẹ." Àwọn ará ìlú ní kó fi irin náà dè é. Ó kọ̀. "Kó máa rìn níwájú mi. N kò fi irin yẹn sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni."

Wọ́n gba Igbó Ohùn padà. Ní ìdí igi ọjọ́sí, Ajíbógun sọ orúkọ Ọdẹ́níran, ó sì sọ ohun tí ó ṣe. Ohùn náà jábọ́ wẹ́rẹ́ bí ewé, ó bọ́ sínú àpò Ọdẹ́jìnmí. Elétíbíewé yọ òwú kúrò ní etí kan. "Àwọn yòókù ńkọ́?" ó béèrè.

Ajíbógun sọ ti ẹlòmíràn, ohùn náà jábọ́. Ó sọ ti ẹlòmíràn. Nígbà tó ṣe, ó jókòó. "Ó rẹ̀ mí," ó ní. "Àwọn kan wà tí n kò mọ orúkọ wọn. N kò béèrè."

Ọdẹ́jìnmí wo òkè. Ohùn pọ̀ lórí igi bí ewé. "Sinmi," ó wí fún un. "A ó dúró dè ọ́."

Wọ́n dé Òkè-Àgbède. Olúọdẹ pe ẹgbẹ́ jọ sí abẹ́ ọdán. Wọ́n gbé àga fún Àwẹ̀ró níwájú, nítorí etí rẹ̀ ti ń di. Ajíbógun dìde láàrin wọn, ó sọ ọ́: ìkòkò omi, arúgbó tí òǹgbẹ ń gbẹ, ọmọ odó, irọ́ tí òun pa. Kò sí ẹni tó gbá a létí. Bó ṣe ń sọ ọ́, Ọdẹ́jìnmí tú àpò rẹ̀, ohùn Ọdẹ́níran sì jáde, ó wí lẹ́ẹ̀kan péré pé, "Omi díẹ̀, fún bàbá yìí." Ó sì dákẹ́.

Àwẹ̀ró mi orí. "Òun ni," ó wí. "Ó máa ń gba ti ẹlòmíràn rò." Ó kọjú sí Ajíbógun. "Tún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sọ, n kò gbọ́ ọ dáadáa."

"Ìyá, kò sùn. Èmi ni mo pa á."

"Mo gbọ́."

Wọ́n ṣípà Ọdẹ́níran ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọdẹ́jìnmí ló ru àpò rẹ̀ wọ igbó. Lẹ́yìn náà àwọn àgbà ìlú dá ẹjọ́ Ajíbógun. Wọn kò ní kó kú. Wọ́n ní yóò máa gbé ní etí Igbó Ohùn, ọdẹ méjì yóò máa ṣọ́ ọ, omi tó tó yóò máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò sì máa sọ ohun tí ó ṣe títí igi yóò fi ṣófo. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kò bá padà wálé lè lọ síbẹ̀ lọ gbọ́. Àwọn kan ń ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n ń padà lọ́wọ́ òfo, nítorí kò mọ gbogbo orúkọ. Igi náà kò tíì ṣófo títí di òní.

Ọ̀dọ́ ọdẹ kan bi Ọdẹ́jìnmí bóyá inú rẹ̀ dùn. Ó wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. "Ó ti fúyẹ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n mo ṣì ń wọ́ ọ. Ẹsẹ̀ kò tètè ń gbọ́ ìròyìn."

Ní ìrọ̀lẹ́ ìṣípà yẹn, ọ̀nà ilé Àwẹ̀ró ni Ọdẹ́jìnmí gbà kọjá láti inú igbó. Ó bá obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àwo oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sí itan.

"Ọkọ mi, wá jẹ ẹ́," ó wí. "Adìyẹ ti sanra jù."

Ọdẹ́jìnmí jókòó, ó jẹ ẹ́ tán, kò jẹ́ kí èérún kan kù. Àwẹ̀ró gba àwo náà. Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó sì dojú rẹ̀ dé.

Ibi tí mo bá ìtàn náà dé nìyí. N kò bu iyọ̀ sí i, n kò bu omi là á. Ẹni tó bá ní ẹni tí kò padà wálé, kó dìde kó lọ béèrè. Ẹ̀yin yòókù, ẹ máa lọ sílé lọ jẹun, kí ẹ sì fọ àwo yín.